Wúrà, hámísítà tí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àjàṣẹ́ tà fún mi

Ẹ̀jẹ̀ lára pépà funfun ni mo kọ́kọ́ rí. Òru ọjọ́ kẹta ni, lẹ́yìn tí mo ra hámísítà méjì, ẹran ọ̀sìn kékeré tó jọ eku, fún ọmọ mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìhà ọjà Ouando. Igbe wọn ló jí mi. Nígbà tí mo tanná, ọ̀kan ti ká jọ sí kọ̀rọ̀, etí rẹ̀ ti fà ya, èkejì sì tún ń bọ̀ wá kì í mọ́lẹ̀. Ìdérí ìkòkò ni mo fi là wọ́n.

Ohun tó dùn mí ni pé mo béèrè. "Àbúrò, ṣé wọ́n lè jọ gbé inú àgò kan?" Ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú méjì, ọ̀kan ṣoṣo kì í pẹ́ kú." Kò sí òótọ́ níbẹ̀. Irú tó pọ́n bíi wúrà yìí, ti Síríà, àdágbé ni. Tí wọ́n bá ti dàgbà, ìjà ni. Òun náà ló ní kí á máa gbé wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ kí ojú wọn lè tètè mọ́ wa. Ọ̀sán gangan ni ọmọ mi ti ọwọ́ bọ inú àgò, sí ẹranko tó jẹ́ pé òru ló ń jí, tó ń sùn lọ́wọ́! Ojú eyín méjì ṣì wà ní ìka rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé èyí tó fara pa sínú páálí, mo gun zémidjan, ọ̀kadà tiwa, padà lọ. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ṣí páálí wò. Ó ní àwọn kì í gba ọjà padà. Mo pariwo, n kò ní purọ́. Ariwo yẹn ló mú màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti ẹ̀yìn. Wọ́n gbé ẹran náà lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu etí rẹ̀, wọ́n wá yíjú sí ọmọ náà: "Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ." Ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ka 5 000 sẹ́fà fún mi, owó ọ̀kan, wọ́n sì gba èyí tó fara pa sọ́dọ̀.

Wọ́n wá fa àpótí fún mi. "Jókòó, ọmọ mi. Fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ àti omi nìkan. Má na ọwọ́ sí i láti òkè, àṣá ni yóò rò pé ó dé." Wọ́n ní kí n gé pépà tí kò lóòórùn sínú àgò kó jìn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kó lè máa gbẹ́ ihò, kí n má sì fi omi wẹ̀ ẹ́ láé, iyanrìn gbígbẹ ló fi ń wẹ̀. Nítorí ooru tiwa, wọ́n fún mi ní àpáàdì àmù kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Àpáàdì yẹn! Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Wúrà ti na gbalaja lé e, ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Kẹ̀kẹ́ ìsáré tí wọ́n tà mọ́ ọn kéré jù, ó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́. Mo ti ra òmíràn ní Kùtọnu.

Alẹ́ kẹrin, mo tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí: ó já a gbà, ó sá. Alẹ́ keje, ó dúró jẹ ẹ́ lẹ́bàá ìka mi. Alẹ́ kọkànlá, ó gun ọwọ́ ọmọ mi. Ó jókòó sáàrin àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń ki ẹ̀gúsí sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú dé èjìká. Irun imú rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọmọ mi kò mí. Ó kàn ń wo ojú mi, omi sì ti lé sí tirẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Tí ẹ bá débẹ̀ tí kì í ṣe màmá ló jókòó, ẹ má ra nǹkan kan.