Kólò Onípákó Láti Òkè-Elérin: Ohun Tí Mo Rí Nínú Ọdún Kan

Àpótí pákó kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí kólò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 lọ́wọ́ bàbá káfíńtà kan ní Òkè-Elérin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ní ₦3,000. Aránṣọ ni mí. Ọdún méje ni mo fi rán aṣọ lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tèmi, tí mo ń san owó ìlò rẹ̀ fún ẹni tó ni ín ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí mo sì ń wá ni ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ fún mi pé kí n dìde nídìí rẹ̀.

Oríṣi méjì ni bàbá gbé síwájú mi. Ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́yìn tí a lè fi àgádágodo tì, èkejì kò ní ìlẹ̀kùn rárá, ìṣó ni wọ́n fi kan gbogbo ìdí rẹ̀ pa. Mo bi wọ́n léèrè èwo ló dára. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, onílẹ̀kùn ni àwọn ènìyàn máa ń rà jù, ṣùgbọ́n àwọn tó ra èyí tí kò ní ìlẹ̀kùn ni mo máa ń rí kí wọ́n padà wá ra òmíràn." Èyí tí kò ní ìlẹ̀kùn ni mo gbé lọ sílé.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́. Pákó náà nípọn, gọ́ọ̀mù àti ìṣó ni wọ́n fi so igun rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ti fi òòlù tẹ orí ìṣó ìdí rẹ̀ wọnú igi débi pé ọ̀bẹ kò rí ibi tó lè gbà wọlé. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni ẹnu rẹ̀. Ó fẹ̀ jù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mo bá ọmọ mi ọkùnrin tó ti dojú àpótí náà kodò, tó ń fi igi ìgbálẹ̀ kan fa náírà igba jáde díẹ̀díẹ̀. Awọ bàtà àtijọ́ ni mo gé, tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà méjèèjì kí ó tó tóóró. Kò yẹ kí ẹni tó ra nǹkan lówó tún máa tún un ṣe, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun tó bá ti wọlé kò jáde mọ́.

₦500 ni mo ń jù sínú rẹ̀ lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àárọ̀ ni mo ń jù ú, kí n tó ra ohunkóhun, nítorí mo ti gbìyànjú ti ìrọ̀lẹ́ rí, mo sì mọ̀ pé owó tí a bá ní kí ó ṣẹ́kù kì í ṣẹ́kù. Ní oṣù Keje, aṣọ ẹbí òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan dé, ₦25,000. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo gbé kólò náà kalẹ̀, mo mú òòlù lọ́wọ́. Ohun tó dá mi dúró ni ariwo tí yóò pa. Gbogbo ilé ni yóò gbọ́, ọmọ tí mo nà nítorí náírà igba yóò gbọ́, èmi náà yóò sì gbọ́ ọ. Ká ní onílẹ̀kùn ni mo rà ni, kọ́kọ́rọ́ ì bá ti ṣí i láìdún, ǹ bá sì máa ro ẹjọ́ fún ara mi títí di òní. Mo dá òòlù padà. Aṣọ tí mo ní nílé ni mo wọ̀ lọ síbi òkú náà, ọ̀rẹ́ mi kò sì bá mi jà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ni mo tó fọ́ ọ, níwájú àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ 49 ni, ọjọ́ 294, owó tó sì yẹ kó wà níbẹ̀ ni ₦147,000. ₦141,500 ni a kà. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni mo ti kùnà, mo sì lè sọ èyí tó pọ̀ nínú wọn fún yín.

Mo ti lo alájọ rí, mi ò sì bú u. Nínú owó ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan ni tirẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń fi rìn káàkiri ọjà sì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá bẹ alájọ lójijì, yóò fún mi lówó mi. Kólò kò mọ ẹ̀bẹ̀. Àwọn tó ń pa owó mọ́ lórí fóònù náà jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́: àwọn ọ̀dọ́ tó dá PiggyVest, ètò ìpawómọ́ orí fóònù, sílẹ̀ ní ọdún 2016 sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó fi àwòrán kólò onípákó rẹ̀ sórí Twitter ní ìparí ọdún 2015, lẹ́yìn tó ti ń ju ₦1,000 sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ló la ojú wọn sí iṣẹ́ náà.

Àléébù tó tóbi jù lọ kì í ṣe ti káfíńtà. Owó inú kólò kì í bímọ, ọjà ìta sì ń gbówó lérí. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí mo ná ní ₦135,000 ní oṣù Kìn-ín-ní ti di ₦190,000 ní oṣù Kejìlá, ó sì jẹ́ pé owó iṣẹ́ ọdún Kérésì ni mo fi dí ₦48,500 tó kù. Kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń tà á ló le: ìṣirò ìjọba fi hàn pé ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó ọjà fi lé láàárín oṣù Kejìlá 2023 sí oṣù Kejìlá 2024. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí wọ́n ní a kò ní ná ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ mọ́ lẹ́yìn ìparí oṣù Kìn-ín-ní 2023, tipátipá ni mo fi fọ́ kólò tí mo ní nígbà náà láìtó àkókò. Wọ́n tún ọjọ́ náà sún, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dá owó àtijọ́ padà ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n èmi ti fọ́ tèmi, mo sì ti ná an.

Nítorí náà, ẹni tí owó kékeré ń wọlé fún lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń yá sí owó ara rẹ̀, ni mo lè sọ fún pé kó lọ ra kólò yìí, kí ó ra èyí tí kò ní ìlẹ̀kùn, kí ó gbé e jìnnà sí ilẹ̀ nítorí ikán, kí ó má sì jẹ́ kí owó pẹ́ nínú rẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Oṣù mẹ́ta tó láti kó owó jọ, kò sì tó fún ọjà láti sá fún un. Tó bá pé, kí ó fọ́ ọ, kí ó kó owó náà lọ sí báńkì tàbí kí ó fi ra ohun tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Orí ẹ̀rọ mi ni mo ti dìde lọ sí Òkè-Elérin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Mo ní kí bàbá bá mi kan mẹ́rin tó kéré sí ti àkọ́kọ́, kí ẹnu wọn má gba ju owó bébà kan tí a ká sí mẹ́rin lọ. ₦2,000 ni wọ́n gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ 1 sí 4 sí ìdí wọn, wọ́n gbé ìkíní lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì to mẹ́ta yòókù sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù wọn, pé ìgbà tí mo bá kó àfọ́kù ìkíní wá ni àwọn yóò tó fún mi ní ìkejì.