Eyín rúútà fún ilẹ̀kùn onídígí kéékèèké: ohun tójú mi rí ní Àjàṣẹ́

Ìyá oníbàárà mi kan ló kó mi sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àwo tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò jọ fèrèsé ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà tó wà nílùú wa Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí: dígí kéékèèké, igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Ilẹ̀kùn méjì, dígí mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ á fi ọwọ́ gbẹ́ irú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èmi ò ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ni mo bá ra eyín oníméjì kan fún rúútà mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí eyín irin láti fi gbẹ́ igi, ní ẹgbẹ̀rún 52 sẹ́fà. Ọ̀kan ń gbẹ́ etí igi: bó ṣe ń ṣe ọnà síwájú ló ń gé àyè tí dígí máa jókòó sí lẹ́yìn. Èkejì ń gé orí igi ìdábùú ní òdìkejì ọnà yẹn gẹ́lẹ́, kí orí igi lè gùn ún bí ìdérí ṣe ń jókòó lórí ìkòkò.

Ohun tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n dá a padà rèé: ìdí eyín náà, ibi tí ẹ̀rọ ti ń dì í mú, jẹ́ ààbọ̀ íǹṣì, ìyẹn mìlímítà 12.7. Rúútà tèmi, tí a ń pè ní défonceuse níbí, ìdí 6, 8 àti 12 ló ń gbà. Ẹni tó tà á fún mi ní ìkan náà ni. Irọ́ ni! 12.7 ò wọ 12, ẹ má sì fi òòlù lù ú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dúró de ẹni tó bá mi ra ẹnu ìdìmú tó bá a mu bọ̀ láti Èkó.

Nígbà tó dé, mo kọ́kọ́ gé orí àwọn ìdábùú, mo fi àjákù pátákó ti ẹ̀yìn wọn kí igi má baà ya níbi tí eyín bá ti ń jáde, kí n tó wá gbẹ́ etí. Gíga eyín kejì ló ń jẹ àkókò. Bó bá fi ìdajì mìlímítà yẹ̀, igi kan á ga ju èkejì, sáńpépà ni ẹ ó máa fà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àjákù mẹ́rin ni mo bà jẹ́ kó tó bọ́ sí i. Mo wá tọ́jú ìkarùn-ún tó bá a mu pẹ́kípẹ́kí sínú àpótí. Òun ni mo fi ń wọn eyín báyìí kí n tó tan ẹ̀rọ.

Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ àárín ńkọ́? Ẹ má fi igi tín-ín-rín sún mọ́ eyín yẹn láé. Èyí tí mo kọ́kọ́ dán wò já, ó fò lọ gbá ògiri, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ mi ti jáde lọ ra omi. Pátákó fífẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbẹ́ etí rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ayùn la igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò lára rẹ̀.

Tíìkì ni ìyá fẹ́, tíìkì sì ní ohun bíi yanrìn nínú tó ń pa ẹnu irin. Mo dín eré ẹ̀rọ kù sí nǹkan bí 16,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, mo sì ń gé e díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, nígbà tí mo ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù kẹta, igi ti ń jó dúdú láwọn igun.

Ohun tó wù mí jù ni pé igun ibi tí dígí ń jókòó ṣe déédéé látìbẹ̀rẹ̀, mi ò fi irin ìgbẹ́gi tún un ṣe rárá. Mo ní kí oní-dígí fi mìlímítà méjì dín ìwọ̀n kù, nítorí igi á wú lásìkò òjò. Ohun tí kò dára ni pé ìsopọ̀ náà kò jìn, sẹ̀ǹtímítà kan péré. Dígí mẹ́fà wúwo. Gọ́ọ̀mù nìkan ò lè gbé e, ìṣó onígi ni mo fi kún oríkèé kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo lẹ fẹ́ ṣe láyé yín, ẹ fi owó yín pamọ́, kẹ́ ẹ fọwọ́ gbẹ́ ẹ. Èmi ti ṣe méje, owó mi ti padà wálé. Ìyá tún ti ránṣẹ́ pé kí n wá wọn ti pálọ̀. Eyín ọ̀hún ti ń fẹ́ pípọ́n, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo lè gbé e fún ní Àjàṣẹ́ tí kò ní bà á jẹ́.