Ẹgbẹ́ aláàánú tí mo wọ̀ ní Abẹ́òkúta: owó tó ń gbà, iṣẹ́ tó ń ṣe

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Òkè-Ìlẹ̀wó. Ẹni tó wá tẹ káàdì ìpè ni o, ẹni tó wá ṣe fótòkọ́pì ni o, tí wọ́n bá ti rí báàjì kékeré tó wà láyà mi, ìbéèrè kan náà ni: "Àǹtí, ẹgbẹ́ yìí, kí lẹ ń rí níbẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn pa pọ̀. Ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ aláàánú irú ti Rotary àti Lions ni. Èwo gan-an, ẹ̀ka wo, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ aṣọ, torí n óò sọ ibi tó dùn, n óò sì sọ ibi tó ń dùn mí. Tí ẹ bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀ nínú márùn-ún, mẹ́ta àbọ̀ ni.

Owó lẹ kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, mo mọ̀. Owó ọdún wà. Apá kan nínú rẹ̀ ń lọ sí olú-iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó tí à ń san tẹ́lẹ̀ láì fọwọ́ lẹ́rán ti di ohun tí mò ń dá àjọ sí. Àwọn kan tìtorí ẹ̀ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, n ò bá wọn wí. Owó oúnjẹ tún wà, torí òtẹ́ẹ̀lì la ti ń ṣèpàdé, aṣọ ẹgbẹ́ wà, ìtanràn náà wà. Sájẹ́ǹtì, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba ìtanràn, á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòun ti àpótí rẹ̀. O pẹ́ dé, sanwó. Fóònù rẹ dún, sanwó. O gbàgbé báàjì sílé, sanwó. Nígbà tí ọmọ mi wọ yunifásítì, wọ́n tún bu owó lé mi, wọ́n ní owó ayọ̀ nìyẹn!

Wọ́n ní kí á máa pe ara wa lórúkọ, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ní Abẹ́òkúta ńbí? Ẹni tó lè bí mi lọ́mọ, kí n la ẹnu pe orúkọ rẹ̀ gbalaja? A ti wá nǹkan ṣe sí i: oyè ẹgbẹ́ á ṣáájú, orúkọ á tẹ̀ lé e, "Dádì" tàbí "Màmí" á sì kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú.

Àyẹ̀wò ojú tí à ń ṣe fáwọn ará ìlú ló mú kí n dúró. Nítòsí ọjà Ìtòkú la máa ń tẹ́ àga sí. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀wé, nítorí náà páálí tó kún fún lẹ́tà E ni nọ́ọ̀sì ń lò. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà náà ní, ṣé òkè ló kọjú sí ni àbí ìsàlẹ̀, ọ̀tún ni àbí òsì? Ẹni tí à ń yẹ̀ wò á fi ìka júwe. Ìyá kan wà tó ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Ojú rẹ̀ kò fọ́ o, ó kàn jẹ́ pé ohun tó bá ti sún mọ́ ọn kì í hàn sí i mọ́, bó ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ wa tí a bá ti lé lógójì ọdún. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Tí ọmọ bá ti lọ iléèwé, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn. A fi awò sí i lójú, kò sọ nǹkan kan. Ó yọ abẹ́rẹ́ kan létí ìró rẹ̀, ó fi itọ́ pọ́n òwú lẹ́nu, ó kì í bọ ihò. Ó fà á yọ, ó tún kì í. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè, ó ní, "Èló lẹ ń tà á?" A ní ọ̀fẹ́ ni. Kò gbà wá gbọ́, ó ṣáà ju owó sórí tábìlì.

Àwọn tí awò kò ràn lọ́wọ́ ló ń dùn mí. Ìkùukùu tó bá bo ẹyin ojú, iṣẹ́ abẹ ń mú un kúrò, èèyàn á sì tún ríran. Ti glaucoma, àrùn tó ń gba ìríran lójú èèyàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti gbà kì í dá a padà, oògùn kàn lè dènà kó má gba ìyókù ni, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ó máa kán an sójú. Ìwé la máa ń kọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Ta ló ń tẹ̀ lé wọn dé ọ̀hún? Ọdún tí a yan ẹnì kan láti máa pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n lọ. Ọdún tí a ò yan ẹnikẹ́ni, fọ́tò nìkan la rí fi hàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi. Olúmọ nìkan kọ́ ni àpáta ìlú yìí, àpáta ló wà lábẹ́ gbogbo wa. Ibi tó bá ti sán lábẹ́ ilẹ̀ ni omi ń sá pamọ́ sí. Kí wọ́n tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, owó sì ni. Ẹ̀ka wa fo ìyẹn lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ọjọ́ ayẹyẹ ti sún mọ́lé, ihò gbígbẹ la sì gbẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí wà ní àdúgbò tí àwọn ìyá ibẹ̀ ti ń gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí garawa kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́, òun náà ló sì ń pe oníṣẹ́ nígbà tí pọ́ǹpù bá yọnu.

Ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, n ò ní fẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹ. Ọdún 1985 ni Rotary bẹ̀rẹ̀ ìjà yẹn kárí ayé, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rẹ̀ àdáyébá, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn tó ń gbé kúlà kékeré tí àjẹsára wà nínú rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń fi tàdáwà sàmì sí ìka ọmọdé, ẹ máa kí wọn tí ẹ bá rí wọn.

Ohun tí mo máa ń bá wọn jà lé lórí rèé. Ẹ̀gbá ti mọ irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Àáró ni Lísàbí fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gbìmọ̀ tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn aṣojú ọba Ọ̀yọ́. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n kọ́ wọn ní ìwé, ẹgbẹ́ náà sì gbilẹ̀ débi pé nínú rògbòdìyàn owó orí, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1949. Nínú ẹ̀ka tiwa, ìyá ọlọ́jà ń gba awò lọ́wọ́ wa, ìyá ọlọ́jà kò sí nípàdé. Mo ti fi orúkọ oníṣòwò àdìrẹ kan sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Wọ́n ní owó ọdún ńkọ́. Mo ní kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, wọn kì í ta fọ́ọ̀mù, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń pe ni. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ wá bá wa to àga lọ́jọ́ àyẹ̀wò ojú, kí ẹ bá wa kọ orúkọ. Kí ó tó di ọ̀sán, ẹnì kan á ti béèrè nọ́ńbà yín. Ẹni tó bá jẹ́ pé kọ́ńtíráàtì ló ń wá, Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ni kó gbà lọ.