Ẹran Lílọ̀ fún Ìkòkò Ìdílé l'Abẹ́òkúta: Ti Alápatà àbí Ti Súpámákẹ́ẹ̀tì?

Ẹni tó bá ní ọmọ tí eyín rẹ̀ ò tíì pé nílé, tó tún ní àgbàlagbà tí eyín tirẹ̀ ti ń mì, á mọ ìdí tí ẹran lílọ̀ fi wúlò. Tí ẹ bá gé ìdajì kílò, ègé kọ̀ọ̀kan ló máa kan olúkúlùkù. Tí ẹ bá lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀, kò sí ṣíbí tí ẹran ò ní bá wọlé. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti rà á àti ohun tí ẹ fi lọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe sè é lọ.

Ti alápatà ni mo fara mọ́. Ní Lafẹ́nwá, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n gé ẹran níṣojú yín. Ẹran tó dára pọ́n, kì í rùn, tí ẹ bá sì fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Èyí tí ìka yín bá tẹ̀ tó sì jinnú síbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún alápatà. Ẹ ní kí wọ́n gé ti èjìká tàbí ti ọrùn. Itan náà dára, àmọ́ ó máa ń gbẹ nínú ọbẹ̀, nítorí ọ̀rá ló ń jẹ́ kí ẹran lílọ̀ rọ̀. Bí ọ̀rá bá kó ìdá kan nínú márùn-ún, ó ti tó. Ẹ bá wọn yọ iṣan funfun kúrò. Tí alápatà bá fẹ́ fi egungun dí òṣùwọ̀n, ẹ kọ̀ jálẹ̀.

Ti súpámákẹ́ẹ̀tì rọrùn fún ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, mi ò sì ní bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ ò mọ ibi ara màlúù tí wọ́n lọ̀, ẹ ò sì mọ ìgbà tí iná lọ tí ẹran yọ́ nínú fírísà. Ẹ yẹ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi di ẹran náà wò dáadáa. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì sí igun kan, tàbí tí yìnyín wẹ́wẹ́ bá kún inú rẹ̀, ó ti yọ́ rí kó tó tún dì. Ẹran lílọ̀ tútù kì í pẹ́ bàjẹ́, torí kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ègé ẹran nìkan tẹ́lẹ̀ ti wọnú gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́. Ọjọ́ kan sí méjì ló lè lò nínú fíríìjì tó tutù dáadáa. Ilé tí iná ò dúró, kí wọ́n ra ti òní, kí wọ́n sè é lónìí.

Ẹ̀rọ wá ńkọ́? Ẹ̀rọ irin tí a ń fọwọ́ yí ni kí ìdílé rà. Nọ́ńbà 8 tàbí 10 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe tóbi tó) tó wọn, kò sì nílò iná. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo bí ẹnu tí wọ́n fi ń dè é mọ́ tábìlì ṣe gbòòrò tó, torí tábìlì tó nípọn kì í wọ inú àwọn kan. Ọ̀bẹ inú rẹ̀ ní ìyẹ́ mẹ́rin. Ojú rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló gbọ́dọ̀ kọjú sí awo oníhò. Bí ẹ bá fi sódì, ẹran á kàn rún dípò kó gé. Ẹ gé ẹran sí wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sínú fírísà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó le díẹ̀, ẹ wá lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró ra á kó má dípẹtà.

Ẹ̀rọ oníná yára, àmọ́ ó gbówó lórí. Ẹni tó ń ṣe míìtì-páì tà ló yẹ. Bílẹ́ńdà máa ń sọ ẹran di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹran lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ ata: ẹni tó bá lọ ata tẹ̀ lé yín á gbé ẹ̀jẹ̀ ẹran tútù lọ sílé.

Tó bá di orí iná, ẹ da ẹran sínú agbada gbígbóná láìfi òróró sí i, ẹ fi ṣíbí tú u, kí omi rẹ̀ gbẹ, kó dúdú díẹ̀ bí ẹran díndín, kí ẹ tó da àlùbọ́sà, tàtàṣé àti rodo sí i. Ibì kankan ò gbọ́dọ̀ pupa nínú rẹ̀ mọ́; ìwọ̀n ooru 71°C ni wọ́n ń ní kí inú rẹ̀ dé. Ó bá ìrẹsì funfun, sìpàgẹ́tì, àsáró àti mọ́ínmọ́ín mu gan-an. Fún ọbẹ̀ ọ̀fadà àti làfún pẹ̀lú ewédú, ẹ jẹ́ kí alápatà gé ẹran sí ègé, kí ẹ fi ṣàkì àti pọ̀nmọ́ kún un.