Páálí Tí Mo Fi Rán Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Àkọ́kọ́ Mi Nílé: Ó Tó Rà, Ṣùgbọ́n Ẹ Gbọ́ Tèmi Ná

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: páálí tí wọ́n kó ohun èlò rírán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sí yìí tó rà. Mo ti wọ aṣọ tí mo rán yìí wọ omi lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, ojú rírán kankan ò já, kò fà mí léjìká, ẹni tó bá sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ máṣíìnì tó sì lè rán ìlà kan lọ tààrà lè ṣe é. Àmọ́ ìwé ìtọ́ni tó wà nínú páálí yẹn fo àwọn nǹkan kan tí kò yẹ kó fò rárá, ìyẹn gan-an ló mú mi kọ èyí.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé láti èjìká mi dé abẹ́, mo gùn. Gbogbo aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo rà rí, èyí tó jẹ́ odindi tí ò pín sí méjì, tó bá bá mi mu níbàdí á máa gé mi léjìká, tí mo bá sì gbé sáìsì sókè, àyà ẹ̀ á wá fẹ̀ jù, bí mo bá ṣe ń bẹ́ sómi báyìí ni omi á ti kún ibẹ̀. Ó sú mi pátápátá. Ìgbà tí mo wá rí páálí tí wọ́n kó aṣọ, láínìn (aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sínú), rọ́bà, òwú, abẹ́rẹ́ àti pátáànì (pépà tí èèyàn ń gé aṣọ tẹ̀ lé) sí pa pọ̀, mo ní ẹ gbé e wá.

Aṣọ tó wà nínú ẹ̀ ló kọ́kọ́ wù mí. Nylon 80%, spandex (òwú tó ń nà bíi rọ́bà) 20% ni wọ́n kọ sí i, mo sì fi téèpù wọn sẹ̀ǹtímítà 10 lára ẹ̀, mo fà á, ó nà dé 16, mo fi sílẹ̀, ó padà sí 10 gẹ́lẹ́. Pípadà yẹn ṣe pàtàkì ju nínà lọ o, torí aṣọ tó bá nà tí ò padà, tó bá ti mu omi tán á dẹ̀ sí yín lára ni. Ó ń nà ní ìbú, ó ń nà ní gígùn, ṣùgbọ́n apá kan ń nà ju ìkejì lọ, apá tó ń nà jù yẹn ló gbọ́dọ̀ yí ara yín po. Wọ́n sọ ọ́ nínú ìwé wọn, àmọ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni, ní etí pátáànì, ibi tí èèyàn lè fojú fò kó sì gé gbogbo aṣọ bà jẹ́. Mo tún rẹ ègé kan sómi, mo tẹ́ ẹ sórí ọwọ́ mi níwájú iná, mi ò rí ara mi láti òdì kejì. Aláwọ̀ aró ni tèmi ṣá, ẹni tó bá mú funfun, kó rí i dájú pé láínìn dé iwájú dé ẹ̀yìn, torí èyí tí wọ́n fi sí páálí ò tó ju iwájú lọ.

Ọ̀rọ̀ wíwọn ara wá kù. Àyà, ìbàdí àti ìdí nìkan ni wọ́n ní kí èèyàn wọ̀n. Èyí dùn mí gan-an torí òun gan-an ni ìṣòro tí mo bá wá! Ẹ gbé téèpù lé èjìká kan, ẹ jẹ́ kó gba iwájú sọ̀ kalẹ̀, kó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá, kó gba ẹ̀yìn padà sí èjìká yẹn kan náà, ẹ kọ iye ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọn pátáànì fúnra ẹ̀, iwájú pẹ̀lú ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ yọ ibi tí rírán máa jẹ kúrò. Ti pátáànì gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ sí ti ara yín torí aṣọ yẹn máa nà, ṣùgbọ́n tèmi ti kéré jù, mo fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 kún iwájú, mo fi 2.5 kún ẹ̀yìn. Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n níbí o, wọ́n fa ìlà kan sí ibi ìbàdí tí èèyàn lè là kó fi pépà há a láàárín kó lè gùn sí i, sáìsì kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ ìlà tirẹ̀, ojú ò dàrú rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ má fi píìnì gún un, ó lè fi ihò síbẹ̀, ife mẹ́rin tó wúwo ni mo gbé lé pátáànì tèmi.

Abẹ́rẹ́ wọn ò dáa. Kí n má parọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, máṣíìnì kàn ń fo ni, á rán mẹ́ta á fo méjì, mo rò pé máṣíìnì mi ló bàjẹ́, mo tú u, mo nu ún, mo tún òwú kì, kò yí padà. Abẹ́rẹ́ lásán tí wọ́n fi ń rán ànkárá ni wọ́n fi sínú páálí! Abẹ́rẹ́ stretch 75/11, ìyẹn ti aṣọ tó ń nà, lẹ nílò, orí ẹ̀ rí roboto díẹ̀, àárín òwú aṣọ ló ń gbà kọjá dípò kó gún un. Mo pààrọ̀ ẹ̀ báyìí, fífò tán. Zigzag tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn rírán tó ń yà sọ́tùn-ún yà sósì, ni kẹ́ ẹ fi rán an, ìbú mìlímítà 1, gígùn 2.5, torí ìlà tààrà á já lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fà á wọ̀. Òwú wọn dáa ní tiẹ̀, polyester ni. Ẹ má rò pé ẹ nílò ẹ̀rọ tó ń kó etí aṣọ, aṣọ yìí kì í tú létí.

Rọ́bà wọn dáa, ojúlówó rọ́bà aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni, chlorine inú púùlù ò ní tètè jẹ ẹ́ bíi rọ́bà ṣòkòtò lásán. Ìtọ́ni rọ́bà yẹn ni kò dáa. Wọ́n ní kí èèyàn fà á bákan náà yí ẹsẹ̀ po, mo ṣe bẹ́ẹ̀, iwájú wá ń ká kò, ẹ̀yìn sì ń sá gòkè bí mo bá ti rìn. Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi tú zigzag yẹn, ẹni tó ti tú u rí mọ nǹkan tí mò ń sọ. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé níwájú, ẹ má fà á rárá, ẹ kàn tẹ́ ẹ lé e, tẹ́ ẹ bá wá dé abẹ́ ìdí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fà á gan-an kó lè di ẹ̀yìn mú. Mo ṣe ẹsẹ̀ kejì bẹ́ẹ̀, ó jókòó pẹ́pẹ́, mo wá padà lọ tún ti àkọ́kọ́ ṣe.

Áyọ́ọ̀nù tó gbóná, ẹ má gbé e súnmọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti púùlù dé, ẹ fi omi tútù ṣàn án, kẹ́ ẹ sá a síbòòji.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, abẹ́rẹ́ àti ìtọ́ni rọ́bà ló jẹ ẹyọ kan tó kù. Màá tún rà á. Aṣọ tó ṣẹ́ kù ṣì tó ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ ọmọ kékeré, mo ti gé e sílẹ̀.