Afinimọ̀nà tí wọ́n fún mi nígbà tí mo lọ kàwé lókè òkun: ó dáa, àmọ́ ó tètè parí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ kàwé lókè òkun, tí ilé ìwé yín bá ní ètò tí wọ́n fi ń fa ọmọ tuntun lé ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀ gan-an. Ọ̀fẹ́ ni tèmi. Mo fún wọn ní 4 nínú 5.

Ọmọ ìlú yẹn ni wọ́n fún mi, kì í ṣe pé ó ń kọ́ mi ní lẹ́sìn o, a kàn jọ ń rìn kiri ni, ó ń fi bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì hàn mí, bí wọ́n ṣe ń kọ ímeèlì sí olùkọ́, ó sì là mí lóye pé tẹ́nì kan bá ní "a máa ríra," ìkíni lásán ni, kì í ṣe àdéhùn (mo ti jókòó de ẹnì kan rí, ó dùn mí gan-an). Èdè tí mo fi fóònù kọ́ kí n tó lọ, kò jọ èyí táwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń sọ rárá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni etí mi ti là.

Ibi tí mo ti yọ máàkì kan: ọ̀sẹ̀ 8 péré ni. Nígbà yẹn gbogbo nǹkan ṣì ń wù mí wò! Oṣù keje ni àárò ilé wá gbé mi dè, mi ò lè sùn, mi ò fẹ́ jáde, mi ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ èdè yẹn sétí mọ́, mo wá rò pé èmi nìkan ló ń ṣe. Àfi ìgbà tí mo kà nípa Sverre Lysgaard, tó gbé ìwádìí jáde ní 1955 lórí nǹkan bí 200 ọmọ Norway tó lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn tí kò tíì lò tó oṣù 6 àtàwọn tó ti lò ju oṣù 18 lọ lára tù jù, àwọn tó wà láàárín ni nǹkan le fún. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, torí ara tù mí.

Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fà á dé ọdún kan ó kéré tán. Èmi náà ti di afinimọ̀nà báyìí, ọmọ tí wọ́n fún mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti sàmì sí oṣù keje ẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà mi.