Raspberry Pi 400: inú mi ò dùn sí ẹni tó tà á fún mi, inú mi dùn sí àwọn tó ṣe ọpọlọ inú rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná. Bí mo bá bínú tán, màá yìn ín, ṣùgbọ́n ìbínú ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí, òun ló sì yẹ kó ṣíwájú.

Raspberry Pi 400 ni mò ń sọ, kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kíbọ́ọ̀dù, tí ẹ ó kàn so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní máa ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín; ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á rí i lára páálí. Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á ní tòkunbọ̀, lọ́wọ́ bàbá kan tí gbogbo ìlà yẹn ń pè ní Alhaji. Mi ò ní sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ lọ súà.

Alhaji gbé ẹ̀rọ fún mi láìsí ṣájà. Mo ní, "Alhaji, ṣájà rẹ̀ ńkọ́?" Wọ́n tẹ ọwọ́ bọ inú àpótí kan tí oríṣiríṣi wáyà ti lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n fa ṣájà fóònù funfun kan yọ, wọ́n ní, "Ṣájà ni ṣájà, Mọ́mì. Ẹnu rẹ̀ ṣáà wọ̀ ọ́." Ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Mo sanwó.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, ìbéèrè ìdánwò ni mo sì fẹ́ fi ẹ̀rọ náà tẹ̀. Mo tan án, ó tàn. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, àmì mànàmáná kékeré kan, pupa rúsúrúsú, yọ ní igun ọ̀tún lókè. Ó parẹ́. Ó tún yọ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n ti ṣókùnkùn, ẹ̀rọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. NEPA kò mú iná o. Fáànù ń yí lórí mi, fíríìjì ń kùn ní kíṣìnnì. Ohun tí mo ti tẹ̀ láti àárọ̀ ni kò sí mọ́.

Ẹni tó bá ti lo Raspberry Pi mọ ohun tí mànàmáná yẹn ń wí: iná tó ń wọlé kò tó. Volt 5 ló ń fẹ́, pẹ̀lú amp 3. Bí iná bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi volt 4.6 lọ, àmì yẹn á yọ, bí ó bá sì tún lọ sílẹ̀ sí i, ó tán nìyẹn.

Mo pe Alhaji. Wọ́n ní kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún pè, wọ́n ní ooru ló ń mú un. Mo tún pè, ọmọ kan ló gbé fóònù, ó ní Alhaji wà nídìí oníbàárà. Oníbàárà yẹn kò lọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí mo ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà nìyẹn, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ìrẹsì ni Alhaji ń jẹ. Wọ́n ní, "Ẹ wá jẹun, Mọ́mì." Mo ní á gba ibi ire. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì wọn, mo to ṣájà funfun náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọn kò wo ẹ̀rọ náà rárá. Rìsíìtì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tí epo ọbẹ̀ wà lára rẹ̀ tọ́ka sí ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, pé ẹni tó bá ti sanwó, a kì í dá owó padà fún un. Àmì epo yẹn ṣì wà lára rìsíìtì náà títí di òní.

Mo ní, "Alhaji, mi ò béèrè owó. Ṣájà tó bá a mu ni mo béèrè."

Wọ́n ní ìyẹn, owó ọ̀tọ̀ ni.

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ṣájà ni ṣájà?"

Wọ́n kọjú sí àwọn tó jókòó nítòsí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin tíṣà yìí, ẹ fẹ́ràn àríyànjiyàn jù." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná débi pé mi ò rí èsì fọ̀, èmi tí mò ń bá ọmọ SS2 jà lójoojúmọ́.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn wà níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà tí Alhaji jáde lọ fọwọ́, ó mú ṣájà funfun yẹn, ó fi ìka méjì di wáyà rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe tín-ín-rín tó, mà. Wáyà yìí ti ń jẹ iná lọ́nà kó tó débẹ̀." Ó ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn iná, èyí tí nọ́ńbà máa ń yọ lójú rẹ̀. Ó ki í sáàárín ṣájà àti ẹ̀rọ, ó tan ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà ń lọ sókè sódò, kò fara balẹ̀ lórí 5 rárá. Bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ṣí báyìí, ó já wá sí 4.5, mànàmáná yọ. Ó wá yọ ṣájà dúdú kan nínú báàgì ara rẹ̀, èyí tí wáyà rẹ̀ ki, tí kò ṣeé yọ lára rẹ̀. Ó so ó mọ́ ọn. 5.1. Nọ́ńbà náà dúró gbọn-in. Ó tún ṣí ojú ìwé kan náà, kò mira. Ó ní, "Ẹ máa mú un lọ, mà, tèmi ni."

Alhaji wọlé, wọ́n rí ṣájà dúdú lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mà á san owó rẹ̀. Mo san án. Ọwọ́ ọmọ yẹn ni mo kà á sí, ní ìkọ̀ọ̀kan, lójú Alhaji. Mo gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá tún ní iṣẹ́ níbẹ̀, òun ni màá pè.

Ìwà ọlọ́jà nìyẹn. Ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló kù.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, NEPA mú iná lálẹ́, ìdánwò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, jẹnẹrétọ̀ ilé wa ti di ibi tí adìyẹ ń sùn lé. Kọ̀ǹpútà tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, àpótí ńlá tó ní fáànù nínú, kò ṣeé dá lábàá nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo yọ Raspberry Pi lára ògiri, mo so ó mọ́ páwà báǹkì tó ń gbé amp 3 jáde. Tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà ní pálọ̀, oní-volt-12 ni, bátìrì sólà ló ń lò. Mo tẹ ìbéèrè títí mo fi parí. Mànàmáná kò yọ. Àbíkẹ́yìn mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣí Scratch, ètò tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó ń mú ológbò rìn kiri, mo fi í sílẹ̀. Ìgbà tí mo wo páwà báǹkì, iná méjì nínú mẹ́rin ṣì ń tàn lára rẹ̀. Wáàtì mẹ́ta, mẹ́fà ní ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ni gbogbo ohun tí kíbọ́ọ̀dù yìí ń jẹ. Ìbínú mi rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn oúnjẹ kékeré yẹn, nítorí ó ní ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Acorn lorúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe irú chip, ìyẹn ọpọlọ, tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù yìí. Hermann Hauser àti Chris Curry ló dá a sílẹ̀ ní Cambridge ní 1978. Nígbà tí BBC ń wá kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi kọ́ ará ìlú lórí tẹlifíṣọ̀n, Hauser pe Sophie Wilson, ó ní Steve Furber, tí òun náà ń bá wọn ṣiṣẹ́, ti gbà pé àwọn lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ẹ̀rọ náà. Ó pe Furber, ó ní Wilson ti gbà. Kò sí èyí tó tíì gbà nínú àwọn méjèèjì. (Alhaji ì bá rọ́wọ́ mú nílé iṣẹ́ yẹn.) Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn BBC ń bọ̀. Bí BBC Micro ṣe jáde nìyẹn ní ìparí 1981. 12,000 ni wọ́n rò pé àwọn á tà. Ohun tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù kan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ chip tó lágbára ju ti BBC Micro lọ. Ní 1983, Wilson àti Furber lọ sí Arizona lọ wo àwọn tó ń ṣe chip, wọ́n retí ilé ńlá, àwọn èèyàn díẹ̀ ni wọ́n bá nínú ilé kékeré. Wọ́n ní bí àwọn wọ̀nyí bá lè ṣe é, àwa náà lè ṣe é. Hauser máa ń sọ pé ohun méjì lòun fún wọn tí Intel àti Motorola, àwọn ọ̀gá nídìí chip, kò fún àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn rí: òun kò fún wọn lówó, òun kò sì fún wọn léèyàn. Ẹ wo ohun tí àìlówó bí. Wọ́n fẹ́ fi ike di chip náà, nítorí ike kò wọ́n bíi seramíìkì. Ohun tí wọ́n bá sì fi ike dì kò gbọdọ̀ gbóná. Wọ́n ní kó má ju wáàtì 1 lọ. Wọ́n ṣọ́ra débi pé ìdá mẹ́wàá wáàtì kan péré ló ń jẹ nígbà tó dé.

26 April 1985 ni chip náà, tí wọ́n sọ ní ARM, dé. Wọ́n tan án, ó ṣiṣẹ́. Furber fẹ́ wọn iná tó ń jẹ, ohun tó fi wọ̀n ọ́n sì ka òdo. Ó wò ó yí ká, ó wá rí i pé ibi tó yẹ kí iná gbà wọ inú chip náà kò já sí ibì kankan lára bọ́ọ̀dù. Wọn kò tíì so iná mọ́ ọn! Iná díẹ̀díẹ̀ tó ń jò wọlé láti ara àwọn wáyà tó ń gbé iṣẹ́ wá fún un ló fi ń ṣiṣẹ́, bí ọmọ tó ń yó nínú òórùn ọbẹ̀ ilé kejì. Ìgbàkígbà tí mo bá sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, ọmọ kan kì í ṣàì sọ pé, "Àǹtí, chip ọmọ Nàìjíríà nìyẹn."

Ká wá ní kò sí Acorn ńkọ́? Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé fóònù ò bá má sí. BBC ì bá rí ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ NewBrain ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, Clive Sinclair, tí òun náà ń ṣe kọ̀ǹpútà tà, sì fẹ́ iṣẹ́ yẹn bí ojú. Irú chip tí Acorn ṣe kì í sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí: wọ́n ti ń ṣèwádìí rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley àti Stanford ní Amẹ́ríkà, ìwé àwọn Berkeley gan-an ni Wilson àti Furber kà. Ọgbọ́n wà níta. Ohun tí kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni ìṣẹ́ tó ń ta wọ́n. Àwọn tó lówó, eré ni wọ́n ń fi chip tiwọn sá; iná wà lára ògiri, kí ló kàn wọ́n nínú iye wáàtì? Ìyẹn ni mo fi gbà pé láìsí Acorn, fóònù á ṣì dé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé á ṣì jẹ́ àpótí tó ní fáànù, tó ń béèrè jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ yín. Ilé tí iná kì í lọ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù. Àwa la ó mọ̀.

Nígbà tí Apple ń wá chip fún Newton, ẹ̀rọ àfọwọ́dání wọn, ohun tí Acorn ti ṣe ló wà nílẹ̀. Acorn, Apple àti VLSI, ilé iṣẹ́ tó ń bá Acorn ṣe chip náà, dá ilé iṣẹ́ ARM sílẹ̀ pọ̀ ní November 1990. Fóònù Nokia 6110 lo chip ARM kí ọ̀rúndún yẹn tó parí. Acorn fúnra rẹ̀ túká ní ìparí ọ̀rúndún náà, èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Raspberry Pi wá gba méjèèjì jogún: chip rẹ̀, ARM ni, Model A àti Model B tí Eben Upton àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi sọ àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, láti ara BBC Micro ni wọ́n ti mú un. 29 February 2012 ni èyí àkọ́kọ́ jáde, dọ́là 35. Ní November 2020, oṣù tí Pi 400 jáde ní dọ́là 70, ni Apple mú Mac, kọ̀ǹpútà wọn, tó ń lo chip M1 jáde. ARM làwọn méjèèjì. Ẹ lọ béèrè iye tí Mac yẹn jẹ́.

Àléébù díẹ̀, kí ẹ má baà sọ pé mò ń polówó. Kò sí ihò ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ lára rẹ̀, ara tẹlifíṣọ̀n ni ohùn ti ń jáde. Wáyà tẹlifíṣọ̀n tó ń lò, ẹnu rẹ̀ kéré, ti ilé yín kò ní wọ̀ ọ́, ẹ ó tún ra òmíràn. Kò sì ní bátìrì aago: bí kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ tí ẹ pa á gbẹ̀yìn ló máa ń rò pé ọjọ́ òní jẹ́. Ìwé ìbéèrè tó bá ń kọ déètì fúnra rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Mo fún un ní ìràwọ̀ 3 nínú 5. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pé kí wọ́n ra mẹ́wàá.